Ibùsùn Ọmọ Mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi. Ṣé ara Màmá ti ń yá? Ṣé orúnkún ṣì ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn? Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀, mo ti bọ́ ọ̀kan nínú súwẹ́tà méjì tí mo máa ń wọ̀ léra wọn.

Ṣọ́ọ̀bù yín ti délẹ̀! Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ti ní fóònù lè rí ibùsùn ọmọ tí ẹ kàn, kó wo àwòrán rẹ̀, kó sanwó, kó sì kọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi mẹ́fà ni mo fi ṣe é, lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń pè ní dátábéèsì. Ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ ń gbé nínú kọ̀ǹpútà ni. Tábìlì mẹ́ta ló wà nínú tiyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, tábìlì náà la ń pè é. Ọ̀kan wà fún ọjà: orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀, àwòrán rẹ̀, ohun tí ẹ fi kàn án. Ìkejì wà fún oníbàárà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, íméèlì àti àdírẹ́sì wọn. Ìkẹta ni ti ọjà tí ẹ ti tà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti lo ọgbọ́n jù. Bí ẹnì kan bá ra nǹkan, tábìlì ìkẹta yìí ò ní máa tún gbogbo ẹ̀ kọ. Nọ́ńbà ọjà, nọ́ńbà oníbàárà àti ọjọ́ tó rà á nìkan ló máa kọ. Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ ohun tí ẹ tà, kọ̀ǹpútà á sáré lọ wò ó nínú tábìlì ọjà, á sáré lọ wo ti oníbàárà, á kó gbogbo ẹ̀ wá síwájú yín. A ò kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ́ tónítóní.

Bọ̀ọ̀dá mi, nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀yin lẹ kúrò níléèwé lọ gbé ayùn kí èmi lè dúró síbẹ̀. Mi ò gbàgbé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, láti ìgbà tí mò ń di bàtà sínú páálí títí wọ́n fi gbé mi lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé oògùn orúnkún tí mo fi ránṣẹ́, fífi para ni. Kì í ṣe mímu.

Àbúrò yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Oníbéèrè mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ lórí fóònù, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Ìwọ lo fa iṣẹ́ lé mi lọ́rùn. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń bímọ pọ̀ tó báyìí láyé. Awakọ̀ tó ń bá mi gbé ẹrù ti pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń pè mí ní Ọ̀gá Àgbà báyìí. Tẹ́lẹ̀, “Káfíńtà” lásán ló ń pè mí.

Ṣùgbọ́n tábìlì mẹ́ta, kò sí ẹsẹ̀ kan lára wọn! Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá kan irú ẹ̀, màá ní kó máa lọ sílé.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. O mọ ìkọ́ oníke tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà? Ẹni tó ń tà á fún mi ti kó kúrò ládùúgbò. Mo ti rí onírin. Ó wúwo, bí o bá tì í, wàá gbọ́ ọ. Láti òní lọ, onírin ni. Bá mi yí àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ padà, kí o sì fi díẹ̀ lé iye rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí mo ti kàn sílẹ̀, mo ti tú oníke kúrò lára wọn lówùúrọ̀ yìí.

Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò mu oògùn kankan. Wọ́n ní àwọn kàn tọ́ ọ wò ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti yí i padà: àwòrán, ọ̀rọ̀ àti iye rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ló gbà. Ṣé ẹ rí àǹfààní kí nǹkan wà níbì kan ṣoṣo? Èèyàn á fọwọ́ kan ibì kan, gbogbo ibi tó kù á sì gbọ́.

Ẹ sọ fún Màmá pé títọ́wò náà ò dáa.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ

Àbúrò mi,

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lánàá, o ò gbé e. Mo mọ̀ pé ibi iṣẹ́ lo wà. Bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ǹ bá sọ lánàá ò ní dùn-ún gbọ́.

Obìnrin olùkọ́ kan wá síbi iṣẹ́ mi. Ó ra ibùsùn lọ́wọ́ mi ní oṣù kẹrin. Ó tú áńkáṣífì, ó gbé ìkọ́ oníke kan jáde, ó ti kán sí méjì. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ọmọ náà dìde dúró, ó fara ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ìkọ́ já, ọmọ ré lulẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é, òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì ká ló bọ́ lé. Ètè rẹ̀ ló bẹ́.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n wo ọjọ́ tó rà á. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tí o ṣe fún mi lórí fóònù, mo wá orúkọ rẹ̀ jáde, mo dojú fóònù kọ ọ́ kí àwa méjèèjì lè jọ kà á. “Ìkọ́ onírin” ló wà níbẹ̀. Àwòrán irin tó ń dán, àti iye tuntun tí kò san.

Ó wo fóònù, ó wo ìkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá wo ojú mi.

“Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kàn án ni?”

“Èmi ni.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi yí ìwé padà? Mi ò wá gbowó lọ́wọ́ yín. Mo wá kìlọ̀ fún yín ni, kí ọmọ ẹlòmíì má bàa ṣubú.”

Mo ní mi ò yí nǹkan kan padà. Ó ní, “Ó ti yé mi,” ó sì gbé báàgì rẹ̀. Ó fi ìkọ́ náà sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì mi.

Oníbéèrè, ó di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti bú mi rí pé mo máa ń pẹ́. Wọ́n ti bú mi rí pé ọjà mi wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè mí ní òpùrọ́ rí.

Nígbà tó lọ, mo kó ìkọ́ oníke mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù jáde látinú agolo, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún kán. Ibùsùn mọ́kànlélógójì la ti tà. Mo ṣí orúkọ gbogbo wọn, onírin lo kọ fún gbogbo wọn pátá. Àwọn wo ló ní oníke nílé nínú wọn? Ọmọ ń sùn lórí wọn bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Kí lo ṣe sí ìwé mi?

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣe tiyín.

Tábìlì títà tí mo fi ń yangàn yẹn, kò tọ́jú ohun tí àwọn èèyàn rà. Ó kàn ń nàka sí tábìlì ọjà ni. Nígbà tí mo yí ohun tó ń nàka sí padà, ti gbogbo ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ yí padà mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo fi sọ yín di òpùrọ́ lójú olùkọ́.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, obìnrin onígíláàsì ojú tó ń darí yàrá kọ̀ǹpútà wa. Ó ní, “Kí lò ń tà?” Mo ní ibùsùn ọmọ. Ó ní, “Ohun tí ò ń tà lónìí ló wà nínú tábìlì ọjà. Ohun tí o tà lọ́jọ́ náà, bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, ló yẹ kó wà nínú tábìlì títà. Nǹkan méjì ni. Ìwọ sọ wọ́n di ọ̀kan.” Ó jókòó tì mí ní gbogbo àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san oore rẹ̀ fún un.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀nà wà. Ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà ò yí padà. Lẹ́tà tí ẹ kọ pé láti òní lọ onírin ni, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ti gbé fún èèyàn ṣáájú ọjọ́ yẹn, oníke ni. Kí ó lè dá mi lójú, mo wá rìsíìtì tí ṣọ́ọ̀bù fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìkọ́ oníke” ló wà lára wọn. Iye èèyàn tí mo fi ọjọ́ kà àti iye tí mo fi rìsíìtì kà bára mu: mẹ́tàdínlógún ni, pẹ̀lú ti olùkọ́.

Orúkọ wọn, fóònù wọn àti àdírẹ́sì wọn ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo ti kọ íméèlì sí gbogbo wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí mo ṣe ba ti ọjà jẹ́ ni mo ṣe ba ti àdírẹ́sì náà jẹ́. Ẹni tó bá ti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà lẹ́yìn tó ra ibùsùn, tuntun nìkan ni ẹ máa rí. Rìsíìtì ò sì kọ àdírẹ́sì, mi ò mọ ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ mọ́.

Ẹ fèsì, ẹ jọ̀ọ́, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ méje rèé, ẹ ò fèsì. Mo pe Màmá, wọ́n ní ẹ ti ń jáde láti àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ lẹ ń wọlé, ẹ kì í sì í bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Kí lo fi ṣe ọmọ mi?” Bíi pé èmi kì í ṣe ọmọ wọn!

Mẹ́wàá ti dá mi lóhùn lórí íméèlì. Ẹnì kan bú mi. Ẹnì kan bi mí bóyá a máa ń kan àga. Àwọn mẹ́jọ yòókù dúpẹ́ pé a tètè sọ fún àwọn, ó sì yà mí lẹ́nu débi pé mo sunkún.

Mo ń tún dátábéèsì náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ìbéèrè kan. Tí ẹ bá pààrọ̀ ìkọ́ gbogbo wọn tán, onírin ló máa wà lára gbogbo ibùsùn náà lóòótọ́. Ṣé kí n kúkú fi “onírin” tó wà lórí orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa wò ó lọ́jọ́ iwájú tó máa mọ̀ pé ìkọ́ yín kán rí. Mo fẹ́ dáàbò bo orúkọ yín ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá àwa méjèèjì níyà.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Oníbéèrè mi,

Mi ò bá ọ jà. Òpópónà ni mo wà.

Èmi àti Awakọ̀ la jọ ń lọ láti ilé dé ilé. Ilé olùkọ́ la kọ́kọ́ lọ. Ó jẹ́ kí n wọlé, ó jẹ́ kí n pààrọ̀ ìkọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi kí n jáde. Ní àwọn ilé yòókù, wọ́n fún wa lómi, wọ́n fún wa ní àga. Bàbá àgbà kan ní kí n kúkú bá òun wo ẹsẹ̀ tábìlì òun tí mo ti wà níbẹ̀, mo sì bá a ṣe é. Ìkọ́ mẹ́rin mìíràn ti sán kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó wá ku ẹyọ kan, ti obìnrin aránṣọ. Àdírẹ́sì tí o fún mi, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni, wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn ti di títì pa. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ní, “Ó parí. A ò mọ ibi tí ibùsùn yẹn wà.”

Awakọ̀ ní, “Aránṣọ? Ṣé kì í ṣe ilé alájà mẹ́rin tí lífítì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́?”

“O rántí?”

“Ẹ̀yìn mi ló rántí.”

Àṣé nígbà tó ra tábìlì ìgéṣọ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà ló fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rọ́pò ti ilé. A dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, a gun àtẹ̀gùn títí dé òkè pátápátá. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi ìka lé ètè kí n tó kí i. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní, “Eyín ló ń yọ lẹ́nu ọmọ mi. Kò sùn láti àná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn báyìí ni. Bí ẹ bá jí i, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n o.”

Mo wọlé. Ọmọ náà ti sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo wo ìkọ́. Ìlà funfun kan ti là á láàárín.

Mi ò lè tú u. Bí mo bá tú u, ilẹ̀kùn á ṣí, ọmọ á sì yí bọ́ sílẹ̀. Mo bá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì ti ilẹ̀kùn náà, mo sì dúró. Ìyá rẹ̀ ò lo ẹ̀rọ ìránṣọ nítorí ariwo, ọwọ́ ló fi ń rán ọrùn aṣọ kan ní igun yàrá. Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀. Mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Nígbà tó jí, ó yíjú sí mi, ó wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó, ó sì figbe ta. Oníbéèrè, igbe yẹn dùn mọ́ mi.

Ìyá rẹ̀ gbé e. Mo tú ìkọ́, mo fi onírin sí i. Ẹsẹ̀ mi ti kú tìpì, Awakọ̀ ló dì mí mú sọ̀kalẹ̀.

Ní ti ìbéèrè rẹ: rárá. Kọ oníke síbẹ̀ fún gbogbo wọn. Èmi ni mo tà á. Bí mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀, kọ èyí náà sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo pààrọ̀ rẹ̀. Orúkọ tó bá jẹ́ pé irọ́ ló gbé e ró, mi ò fẹ́ ẹ.

Má sì sunkún mọ́. Bó bá jẹ́ ìwé pélébé tí mo máa ń fi sápò tẹ́lẹ̀ ni, mi ò ní rántí ju ẹni márùn-ún lọ. Ìwé rẹ ló mú mi dé ilé mẹ́rìndínlógún, ẹ̀yìn Awakọ̀ ló mú mi dé ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà yín ní ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ wá, ọkọ̀ lọ, mi ò wọ̀ ọ́.

Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Báyìí, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ra nǹkan, orúkọ ọjà, àwòrán rẹ̀, ohun tí ẹ fi kàn án, iye tó san àti ilé tí a gbé e lọ, gbogbo rẹ̀ la máa dà kọ sábẹ́ títà náà. Ohun tí ẹ bá yí padà nínú tábìlì ọjà, ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ìgbà náà nìkan ló kàn. Ìyípadà gan-an ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tí a ti tà, ẹnikẹ́ni ò lè pa á rẹ́, títí kan èmi tí mo ṣe é. A lè kọ nǹkan kún un nísàlẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ó gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ń kọ ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú ò tì mí mọ́.

Mo lo rìsíìtì àti lẹ́tà yín láti dá ti àwọn mẹ́tàdínlógún padà sí bó ṣe rí gan-an. Àdírẹ́sì wọn, ẹ̀yin àti Awakọ̀ lẹ bá mi kọ ọ́ lórí fóònù.

Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe ń dúpẹ́, ó kọ̀, kò jáde. Ẹ kàn mọ̀ pé nígbàkígbà tí wọ́n bá bi mí níbi iṣẹ́ pé ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, orúkọ méjì ni mo máa ń dá: ọ̀gá onígíláàsì, àti ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Àbúrò mi,

Ara Màmá le. Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n sì ní oògùn tí àwọn tọ́wò ló ṣe é.

Mo ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé kó jọ̀ọ́, kó yà bí ó bá ń kọjá. Ó yà lánàá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ti ń rìn! Ó ń di bẹ́ńṣì mú, ó ń yí ibi iṣẹ́ po, ó sì ń kó pàǹtírí igi sẹ́nu. Mo ṣí fóònù, mo gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ó kà á sókè bí àwọn olùkọ́ ṣe máa ń kàwé. “Ibùsùn ọmọ, igi funfun, ìkọ́ oníke. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin.” Ó ka iye tó san. Ó ka òpópónà rẹ̀. Ó wá ka ti ìsàlẹ̀: “Ìkọ́ kán, ọmọ ṣubú. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, káfíńtà fi ìkọ́ onírin rọ́pò rẹ̀.”

Ó dá fóònù padà fún mi.

“Èyí ni mo rà,” ó ní.

“Òun ni,” mo ní. “Ẹ dákun, ẹ má bínú.”

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe ń bọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ yọ igi lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo jókòó, mo ní kí n kọ lẹ́tà yìí kí n tó padà sídìí iṣẹ́. O ṣeun, àbúrò mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ